Ọ̀pọ̀lọ́ Ló Kọ́ Mi Nípa Ọpọlọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọ̀pá, Rúlà àti Fọ́tò Dán Ìlàjì Méjèèjì Wò

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, ó sì tó ọdún mẹ́wàá nínú rẹ̀ tí mo fi ń parọ́ fún wọn. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni o. Màá ya orí èèyàn àti ọpọlọ inú rẹ̀ sójú pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gba àárín rẹ̀, màá kọ “ìṣirò àti làákàyè” sí òsì, màá kọ “orin àti àwòrán” sí ọ̀tún, màá wá ní kí kálukú sọ èwo ni tirẹ̀. Kíláàsì á dà rú fún ẹ̀rín. Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé nawọ́ sókè, tó ní: “Mà, ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Ṣé ti adìẹ náà pín?”

Mo ní kó jókòó, pé a máa sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di oṣù mẹ́ta, nítorí mo ní láti lọ kàwé kí n tó lè dá ọmọ náà lóhùn. Ti adìẹ pín. Ti ẹja pín. Ti ọ̀pọ̀lọ́ náà pín, ó sì ti pín tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sójú pátákó yẹn kọ́ ni wọ́n pín.

Mo fẹ́ fi bí ẹ ṣe lè rí ìpín náà lára yín hàn yín, nínú yàrá yín, láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ wá ọ̀pá kan tó dán, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, rúlà, pẹ́ńsùlù, bébà funfun mẹ́wàá, fóònù tó ń ya fọ́tò, àti ẹnì kan tí kò ní tètè bínú. Ìwé àkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá kò tóbi. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ohun tó máa hàn. Ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá ni kí ẹ ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò bá ìfẹ́ inú yín mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí okùn ṣe gbà

Ọpọlọ àgbàlagbà kò tó kílò kan àti ààbọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ káàkiri inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Ìlàjì méjì ni, wọ́n jọra lójú, afárá kan sì so wọ́n pọ̀ láàárín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní corpus callosum. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 fọ́nrán ló gba orí afárá yìí kọjá.

Okùn tó so ọpọlọ mọ́ ara wa dábùú ara wọn. Ìlàjì òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ìlàjì ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á di ojú òsì, wọ́n á ní àwọn ti pa ìlàjì ọ̀tún lẹ́nu mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ojú kọ̀ọ̀kan ló ń ránṣẹ́ sí ìlàjì méjèèjì: ohun tó bá wà lápá òsì ibi tí ẹ tẹjú mọ́, ìlàjì ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gbà á, ojú yòówù kí ẹ fi wò ó. Ẹranko tí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, bí adìẹ, yàtọ̀ sí wa. Ohun tí ojú òsì rẹ̀ bá rí, ìlàjì ọ̀tún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀pá lórí ìka

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Marcel Kinsbourne, àti ẹnì kejì rẹ̀ ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1971. Ẹ gbé ọ̀pá náà dúró lóòró sórí ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹnì kejì yín máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ọ̀pá á fi ṣubú. Ó kan ọwọ́ òsì. Ẹ máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kó má di pé ọwọ́ kan ti rẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ panu mọ́. Nígbà mẹ́wàá kejì, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀pá ṣe wà lórí ìka.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ ṣe pàtàkì. Ẹ má ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ohun tó ti mọ́ ẹnu lára kì í da ọpọlọ láàmú. Ẹ ròyìn gbogbo ohun tí ẹ ṣe lánàá láti àárọ̀, tàbí kí ẹnì kejì máa pe gbólóhùn gígùn kí ẹ máa pè é tẹ̀ lé e. Orin kan tí mo mọ̀ láti kékeré ni mo kọ́kọ́ lò, ọ̀pá kò tilẹ̀ mì. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ sí, ó lulẹ̀ gbì.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò. Bí mo bá panu mọ́, ọwọ́ ọ̀tún ń gbé e dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 14 ní ìpíndọ́gba; bí mo bá ń sọ̀rọ̀, 9 ni. Ọwọ́ òsì mi kò mọ̀ bóyá mo ń sọ̀rọ̀ tàbí mi ò sọ: 8 ṣáájú, 8 lẹ́yìn. Ọkọ mi ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀pá bọ́ lù ú nímú, ó ní òun ti gbà pé òun ní ọpọlọ, kí n máa bá tèmi lọ.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Nínú 100 èèyàn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, nǹkan bíi 95 ló jẹ́ pé ìlàjì òsì ló ń to ọ̀rọ̀ wọn. Ìlàjì òsì yìí kan náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Alágbàṣe kan ṣoṣo lẹ bẹ̀ níṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ mẹ́hẹ. Ọwọ́ òsì ní alágbàṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìyẹn lọ́wọ́.

A kò tíì ní ẹ̀rọ kankan tó ń wo inú orí nígbà tí wọ́n mọ èyí. Dókítà kan ní Faransé, Marc Dax, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1836, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ní 1861, aláìsàn kan dé ọ̀dọ̀ Paul Broca ní Paris. “Tan” ló ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà ṣáá, débi pé Tan ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Nígbà tó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí i pé iwájú ìlàjì òsì ló bàjẹ́. Ó tún rí irú rẹ̀ lára àwọn mìíràn, ó sì sọ ọ́ ní 1865 pé ìlàjì òsì la fi ń sọ̀rọ̀. Carl Wernicke ní Jámánì wá fi kún un lọ́dún 1874: ibòmíì wà lẹ́yìn ní ìlàjì òsì kan náà, bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn lẹ́nu èèyàn bí omi, ṣùgbọ́n kò ní lórí, kò ní nídìí.

Ìlà, lẹ́yìn náà ojú

Ẹ fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 sórí bébà mẹ́wàá, ìlà kan sórí bébà kan. Ẹ gbé e síwájú imú gan-an, kó má tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ fi ojú nìkan wá àárín rẹ̀, kí ẹ sàmì síbẹ̀. Ìgbà tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá parí ni kí ẹ tó mú rúlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le máa ń ṣì í díẹ̀ sápá òsì, ó lè má ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ìlàjì ọ̀tún ló ń ṣe ọ̀gá nínú pípín àfiyèsí káàkiri ibi tí ojú wa dé, ó sì máa ń fa ọkàn wa díẹ̀ sápá òsì.

Mìlímítà kan lè dà bí ohun yẹpẹrẹ. Mo rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìlàjì ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀. Wọn á gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ìlàjì ọ̀tún abọ́ mọ́ tónítóní, á ní ebi ṣì ń pa òun. A ó yí abọ́ náà po, ẹnu á yà á: “Ẹ ti bù sí i?” Ojú rẹ̀ kò fọ́. Apá òsì ayé ni kò sí mọ́ fún un. Bí ẹ bá ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ya aago, ó lè kó nọ́ńbà láti 1 dé 12 jọ sápá ọ̀tún pátápátá. Bí ìlàjì òsì bá bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí apá ọ̀tún ayé dàwátì tó báyìí.

Fún ojú, ẹ ya fọ́tò ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì láti ibì kan náà: kó rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kan, kó má rẹ́rìn-ín nínú èkejì. Ẹ gé méjèèjì láti iwájú orí gba imú dé àgbọ̀n, kí ẹ lẹ ìdajì tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ìdajì tí kò rẹ́rìn-ín. Ẹ wá fi fóònù yí ohun tí ẹ lẹ̀ náà padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí, kó di méjì tó jẹ́ òdìkejì ara wọn. Èyí ṣe pàtàkì, torí ojú ẹnikẹ́ni kò rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá fi ìdajì mìíràn ṣe èkejì, ẹ ò ní mọ ohun tó fa èsì. Ẹ to méjèèjì sókè-sísàlẹ̀, ẹ bi èèyàn: èwo ni inú rẹ̀ dùn jù? Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa mú èyí tí ẹ̀rín rẹ̀ wà lápá òsì ẹni tó ń wò ó. Ìlàjì ọ̀tún mọ ojú kà ju ìkejì rẹ̀ lọ, apá òsì ló sì ń kọ́kọ́ wọlé sí i.

Etí

Èyí gba ẹni tó mọ bí a ṣe ń to ohùn lórí kọ̀ǹpútà. Kó gba ohùn ọ̀rọ̀ kéékèèké sílẹ̀ ní méjì méjì, kí ọ̀kan máa dún sí etí ọ̀tún, kí èkejì máa dún sí etí òsì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ ki ohun àfigbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì, ẹ gbọ́ méjì méjì náà, kí ẹ máa sọ èyí tó yé yín. Bí ẹ bá dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ ohun àfigbọ́rọ̀ náà, ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Mo pàdánù odindi ọ̀sán kan lórí èyí kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan tèmi kò dún tó ìkejì.

Doreen Kimura ló fi ọ̀nà yìí hàn ní 1961 pé etí ọ̀tún ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù, nítorí okùn tó ti etí ọ̀tún dábùú lọ sí ìlàjì òsì lágbára ju èyí tó ti etí òsì lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi orin dípò ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, etí òsì ló borí.

Ibí ni ohun tí mo kọ sójú pátákó ti fọ́ yángá. Bí orin bá jẹ́ ti ọ̀tún, ti ta ni ohùn èdè wa? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn nìkan ló yà wọ́n, bíi ti orin. Ní 1973, Diana Van Lancker àti Victoria Fromkin dán an wò pẹ̀lú àwọn tó ń sọ èdè Thai, tó jẹ́ èdè olóhùn bíi tiwa. Nígbà tí ohùn wà lórí ọ̀rọ̀, etí ọ̀tún àwọn ará Thai ló gbọ́ ọ jù. Nígbà tí wọ́n kùn ún lásán láìsí ọ̀rọ̀, etí ọ̀tún kò ṣe jù mọ́. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ohùn kan náà, etí ọ̀tún wọn kò sì borí. Kì í ṣe pé wọ́n kó ohùn fún ìlàjì kan, wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ fún ìkejì. Ohun tí a fẹ́ fi ohùn náà ṣe ló ń pinnu ibi tó ń gbà. Ẹ pe ọpọlọ, ẹ tún pe ọ̀pọ̀lọ́. Ìlàjì òsì yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ló kàn.

Ta ló pín in?

Bí kòkòrò bá ń rìn lápá ọ̀tún ọ̀pọ̀lọ́, ó máa ń yá a lára láti na ahọ́n mú un ju ti apá òsì lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ère ejò bọ̀ láti apá òsì rẹ̀, ó ń fò sá kíákíá. Láti apá ọ̀tún, ara rẹ̀ kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ bọ́ sọ́wọ́ ìlàjì òsì, ewu bọ́ sọ́wọ́ ìlàjì ọ̀tún.

Òròmọdìẹ tún ṣe é kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lesley Rogers ní Ọsirélíà ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wò wọ́n. Ẹ da ọkà pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Òròmọdìẹ tó bá ń fi ojú ọ̀tún wò ó á tètè mọ ọkà yàtọ̀ sí òkúta. Èyí tí wọ́n bá di ojú ọ̀tún rẹ̀, tó jẹ́ pé ojú òsì nìkan ló kù fún un, á kàn máa ṣa èyí tó bá rí. Ojú òsì yẹn kò ya ọ̀lẹ o. Òun ló ń ṣọ́ òkè. Bí ẹ bá ní òròmọdìẹ nítòsí, ẹ jókòó kí ẹ dákẹ́; nígbà tí nǹkan bá fò kọjá lókè, ẹ wo ojú tó gbé sókè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi nǹkan dẹ́rù bà wọ́n, ẹyẹ tó ń kọjá lọ ti tó.

Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni ti inú ẹyin. Bí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹyin pa, ọmọ inú rẹ̀ máa ń yí orí, ojú òsì á fara ti ara rẹ̀, ojú ọ̀tún á kọjú sí èèpo. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú ẹyin, ojú ọ̀tún nìkan ló ń kàn. Bí wọ́n bá fi ẹyin sínú òkùnkùn ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìpín iṣẹ́ láàárín ọkà àti òkúta kò ní sí lára òròmọdìẹ tó bá jáde.

Ní 2004, Rogers, Paolo Zucca àti Giorgio Vallortigara wá gbé irú méjèèjì síwájú iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ máa ṣa ọkà láàárín òkúta, ère àṣá á sì máa kọjá lókè orí yín. Àwọn tó rí ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyin ń ṣa ọkà, wọ́n ń ṣọ́ àṣá. Àwọn ọmọ òkùnkùn kò tètè rí àṣá, ọkà àti òkúta sì dà rú mọ́ wọn lójú. Mo pa ìwé dé, mo rẹ́rìn-ín. Adìẹ ni ọmọ yẹn bi mí, adìẹ ló sì ní ìdáhùn lẹ́nu.

Nítorí náà, kì í ṣe ìṣirò àti orin ni wọ́n kọ́kọ́ pín. Ohun tí wọ́n pín ni ìṣòro tó wà nínú wíwá oúnjẹ: bí o bá tẹjú mọ́lẹ̀ jù, àṣá á gbé ọ, bí o bá ń wòkè ṣáá, ebi á pa ọ́. Ẹni tí ìlàjì kan ọpọlọ rẹ̀ lè gbájú mọ́ ohun tó ti mọ̀, tí ìkejì ń dẹ etí sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójijì, òun ló pẹ́ láyé débi tó fi bímọ. Peter MacNeilage, Rogers àti Vallortigara kọ ọ́ ní 2009 pé ìpín yìí ti wà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹranko elégungun ẹ̀yìn kọ́kọ́ yọjú. Lójú wọn, orí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìlàjì òsì ni ọ̀rọ̀ sísọ wá hù sí, torí sísọ̀rọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ tí a mọ̀ dunjú tí a ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Kíka ojú ènìyàn sì hù sórí iṣẹ́ àtijọ́ ìlàjì ọ̀tún: ta nìyẹn, kí ló ní lọ́kàn?

Ọmọ yẹn tún bi mí nígbà tí mo sọ èyí fún un: “Ṣé kò léwu ni, mà, kí gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ máa ṣọ́ apá òsì ju ọ̀tún? Ejò ò kàn ní gba ọ̀tún ni?” Ó léwu lóòótọ́. Ìdáhùn Vallortigara àti Rogers ni pé àǹfààní ìpín wà fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹgbẹ́ ló mú kí ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀ síbì kan náà. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú agbo, tó wá yí sósì nígbà tí gbogbo agbo yí sọ́tùn-ún, òun nìkan ló kù síta fún ẹnu ẹja ńlá. Síbẹ̀, àwọn díẹ̀ tó ń yí síbi tí ẹja ńlá kò retí náà ń jèrè, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n tán.

Lára wa, ó hàn lọ́wọ́. Nínú èèyàn 10, nǹkan bíi ẹyọ kan ló ń lo ọwọ́ òsì. Ó ti pẹ́: eyín èèyàn ayé àtijọ́ kan tí wọ́n wú ní Olduvai ní Tanzania, tó ti lo nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ọdún, ní ojú ibi tí nǹkan ti ha á, tó dà bíi pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tó ni eyín náà fi ń gé ohun tó fi eyín di mú. Kódà a kì í tíì bíni tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Peter Hepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ inú oyún tó ń mu àtàǹpàkò, wọ́n sì wá wọn padà nígbà tí wọ́n lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn 60 tó mu ti ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lò. Nínú àwọn 15 tó mu ti òsì, 10 ló ń lo ọwọ́ òsì.

Ibi tí wọ́n ti gé afárá

Ẹ ò lè dán èyí wò nílé, kí Ọlọ́run má jẹ́. Ní 1962, Joseph Bogen àti Philip Vogel gé afárá àárín ọpọlọ ọkùnrin kan ní Los Angeles nítorí wárápá tó ń gbé e ṣánlẹ̀. Wárápá rọlẹ̀. Roger Sperry àti Michael Gazzaniga dán an wò lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí Sperry fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Ìdánwò tí mo máa ń sọ fún kíláàsì jù ni èyí tí Gazzaniga àti Joseph LeDoux ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gé tirẹ̀ náà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ adìẹ han ìlàjì òsì rẹ̀, wọ́n fi yìnyín tó bo ilé han ìlàjì ọ̀tún, wọ́n ní kó mú àwòrán tó bá a mu. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú adìẹ. Ọwọ́ òsì mú ṣọ́bìrì, tí wọ́n fi ń kó yìnyín. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ìlàjì òsì tó ń sọ̀rọ̀ kò rí yìnyín kankan, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò mọ̀. Kíá ló dáhùn: ẹsẹ̀ adìẹ bá adìẹ mu, ṣọ́bìrì sì ni wọ́n fi ń gbálẹ̀ ilé adìẹ. Mo rántí ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń ṣàlàyé ohun tí mi ò mọ̀ níwájú pátákó.

Kí ẹ tó ka èsì yín

Ẹ má sọ pé “ẹni ìlàjì ọ̀tún ni mí.” Ní 2013, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Utah wo àwòrán ọpọlọ èèyàn tó lé ní 1,000, wọn ò rí ẹnikẹ́ni tí ìlàjì kan rẹ̀ lódindi ń ṣiṣẹ́ ju ìkejì lọ. Àwòrán obìnrin tó ń jó yíká tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù, pé bó bá yí sọ́tùn-ún lójú yín ẹ jẹ́ báyìí, kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Àwòrán dúdú lásán ni, tí ojú lè rí lọ́nà méjì. Ẹ má sì sanwó fún ẹni tó ní òun á jí ìlàjì tó ń sùn fún yín.

Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀pá lè má sọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Nǹkan bíi 7 nínú ọlọ́wọ́ òsì 10 ṣì ń fi ìlàjì òsì sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń lo ọ̀tún tàbí méjèèjì. Ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, wọ́n kàn sábà máa ń rìn pọ̀ ni.

Ohun kan wà tí kì í ṣe eré: bí ẹnu èèyàn bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dà rú mọ́ ọn lẹ́nu lójijì, ẹ má gbé ọ̀pá, ẹ má gbé rúlà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Apá ọ̀tún tó rọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dáwọ́ dúró, ìlàjì òsì ló ń ké gbàjarè yẹn.

Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè ṣe ti ọ̀pá níwájú kíláàsì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbé e tó ìṣẹ́jú àáyá 11, ó ń sọ̀rọ̀ o, kò sọ̀rọ̀ o. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló dín kù nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé àkọsílẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì tó fi di pẹ́ńsùlù mú, ó ní, “Ìyẹn ni pé òsì ni ọ̀rọ̀ mi náà wà.” Mo ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá sí i kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀pá náà lọ sílé, kò sì dá a padà títí dòní.